Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Kò Tó: Wíwá Èdè Yorùbá fún Ọlọ́tísìmù Tó Ń Wá Olólùfẹ́

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp sí obìnrin tí wọ́n jọ jẹun lánàá: "Ṣé a tún lè ríra ní Sátidé?" Èsì dé: "Ó dáa, màá rí i ná." Ẹlòmíràn á kà á, á gbé fóònù sílẹ̀, á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Àgbàlagbà tó jẹ́ ọlọ́tísìmù, ìyẹn ẹni tó ní ọ́tísìmù (autism), lè jókòó ti gbólóhùn yìí títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ṣé "màá rí i ná" túmọ̀ sí pé obìnrin náà ń bọ̀ ni, àbí ó ń fọgbọ́n kọ̀? Bí òun bá tún béèrè, ṣé kò ní di ìyọlẹ́nu? Bí òun bá dákẹ́, ṣé kò ní rò pé ọ̀rọ̀ náà kò jẹ òun lógún? Àyà rẹ̀ ń lù kì-kì-kì, oúnjẹ kò lọ lọ́fun, oorun dá lójú.

Nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ti kọ púpọ̀ nípa ìdààmú tó máa ń bá ọlọ́tísìmù ní ìbẹ̀rẹ̀ ìfẹ́. Wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ, wọ́n ti pín in sí ẹ̀ka, wọ́n ti gbé ìlànà kalẹ̀ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó gba ìwé àyẹ̀wò ní London, tó fẹ́ fi tẹlifóònù ṣàlàyé fún ìyá rẹ̀ ní Ìbàdàn, tàbí ẹni tó fẹ́ la ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ yé ọmọge tó wù ú l'Ékòó, á kàn máa wá ọ̀rọ̀ kiri ni. Bó bá rí orúkọ, orúkọ àrùn ni. Bó bá rí gbólóhùn, gbólóhùn tí wọ́n fi ń bá òbí ọmọ kékeré sọ̀rọ̀ ni.

Àwọn àgbà onímọ̀ èdè wa ti la ọ̀nà sílẹ̀ fún irú iṣẹ́ yìí. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú apá kìíní rẹ̀ ní 1984, tí Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe olóòtú apá kejì ní 1990, jẹ́ ká mọ̀ pé a lè yá ọ̀rọ̀ lò, a lè fa ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ àtijọ́ gùn, a lè fi àfòmọ́ ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tuntun, a sì lè fi àpèjúwe rọ́pò orúkọ. Orúkọ ni olùkọ́ nílò láti fi kọ́ ọmọ níwèé, òun ni wọ́n sì wá fún un nínú ìwé náà. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ nílé oúnjẹ, tó dojú kọ ẹni tó wù ú, kò nílò orúkọ tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí yóò la ẹnu sọ lákòókò yẹn ló nílò. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé nínú ẹ̀ka ìmọ̀ yìí, gbólóhùn ló yẹ kó ṣáájú, kí orúkọ tẹ̀ lé e.

Orúkọ tí a ó máa pè é

Ẹ jẹ́ ká tilẹ̀ yanjú orúkọ náà, torí ẹni tí a bá sọ lórúkọ burúkú kò ní fẹ́ jẹ́wọ́ rẹ̀ níwájú ẹni tó ń wá ojúrere rẹ̀. Láti ara ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí "ara ẹni" ni Eugen Bleuler, dókítà ọmọ Switzerland, ti fa orúkọ ọ́tísìmù yọ ní nǹkan bí 1911, àìsàn ọpọlọ mìíràn ló sì ń ṣàpèjúwe nígbà náà. Grunya Sukhareva kọ̀wé nípa ọmọkùnrin mẹ́fà ní Rọ́ṣíà ní 1925. Leo Kanner kọ̀wé nípa ọmọ mọ́kànlá ní Baltimore, ní Amẹ́ríkà, ní 1943. Hans Asperger kọ tirẹ̀ ní Vienna ní 1944. Ọmọdé ni àwọn mẹ́ta tó kẹ́yìn yìí ń kọ̀wé lé lórí, láti ìgbà náà sì ni èdè ẹ̀ka ìmọ̀ yìí ti jẹ́ èdè òbí àti olùkọ́: ọmọ tí kò tètè sọ̀rọ̀, ọmọ tí kì í bá ẹgbẹ́ ṣeré. Àwọn ọmọ náà dàgbà, wọ́n gbaṣẹ́, wọ́n ń wá ẹni tí wọn yóò fẹ́, ṣùgbọ́n èdè náà kò bá wọn dàgbà. Ìgbà tó di 2013, ìwé atọ́nà àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà, DSM-5, kó àwọn orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, títí kan èyí tí wọ́n fi Asperger sọ, pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, pàápàá àwọn obìnrin, ló jẹ́ pé wọ́n ti gbọ́njú pátápátá kí wọ́n tó mọ̀ pé ọlọ́tísìmù ni àwọn.

Ẹni tó bá kánjú túmọ̀ orúkọ náà á tẹ̀ lé ti Gíríìkì, á pè é ní "àrùn ìdánìkanwà". Apá méjèèjì orúkọ yìí ló léwu. Ẹni tó wẹ̀, tó fín lọ́fínńdà, tó wọkọ̀ lọ pàdé obìnrin, kì í ṣe ìdáwà ló ń wá lọ. Ohun tó ń wá gan-an ni ẹni tí yóò bá a gbé. Bí a bá sì pe nǹkan ní àrùn, ìbéèrè tó kàn ni pé "Kí ni oògùn rẹ̀?" Bí ọpọlọ ẹni náà ṣe ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí wọ́n ti bí i ni ọ́tísìmù. Kò kó o lára ẹnikẹ́ni, kò sì lè kó o ran ọmọge.

A ti rí ohun tí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ lè fà. Nígbà tí àrùn éèdì dé, a pè é ní àrùn kògbóògùn. Lóde òní, oògùn wà tí ẹni tó ní kòkòrò náà lè máa lò, tí yóò sì pẹ́ láyé, ṣùgbọ́n orúkọ kò kúrò lẹ́nu èèyàn. Irọ́ ti wọnú orúkọ náà, ẹni tó ń jẹ́ ẹ ló sì ń jìyà irọ́ náà nígbàkigbà tó bá fẹ́ fẹ́yàwó.

Ní New Zealand, Keri Opai tó ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ ìlera fún èdè Māori gbé "takiwātanga" kalẹ̀ fún ọ́tísìmù ní 2017. Ohun tó dúró fún ni pé kí èèyàn wà ní àkókò àti àyè tirẹ̀. Ó wuyì, kò sì fi àbùkù kan ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ní Yorùbá, yóò dojú rú. Lẹ́nu wa, "ó ń ṣe tiẹ̀" jẹ́ ọ̀rọ̀ fún alágídí, "àkókò tiẹ̀ ló fi ń rìn" sì jẹ́ ọ̀rọ̀ fún ẹni tó ń pẹ́ lẹ́yìn. Ohun tí Māori fi pọ́n èèyàn lé, a ó fi bú u ni.

Yíyá ọ̀rọ̀ lò ló kù, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀. Ọ́tísìmù rọrùn lẹ́nu, kò gbé ẹrù àtijọ́ kankan dání. Bí a bá fi àfòmọ́ oní- kún un, ó di ọlọ́tísìmù, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ní ọlọ́gbọ́n àti ọlọ́pọlọ. Oní- kò sọ pé nǹkan ń ṣe èèyàn, ohun tó sọ ni pé nǹkan náà jẹ́ tirẹ̀. Nínú ìwádìí tí Lorcan Kenny àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní Bìrìtéènì ní 2016, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọlọ́tísìmù tí wọ́n bi ló fẹ́ orúkọ tó so ọ́tísìmù mọ́ ẹni tí wọ́n jẹ́, ju èyí tó pè é ní ohun tí wọ́n gbé kọ́rùn lọ. Àfòmọ́ wa ti ṣe é fún wọn láìsí àríyànjiyàn.

Àyà tó ń lù

Níbi ọ̀rọ̀ àníyàn, Yorùbá kò tòṣì. Ìṣòro wa ni pé a kì í pín wọn. Ẹ̀rù ní ohun tó ń fà á: ajá, òkùnkùn, ọlọ́pàá ojú pópó. Ìpáyà máa ń dé lójijì, ó máa ń gbọn ara. Àníyàn ń wo ọjọ́ iwájú, ó ń béèrè pé "Bó bá wá rí báyìí ńkọ́?" Hílàhílo kì í jẹ́ kéèyàn lè jókòó sójú kan. Àìbàlẹ̀-ọkàn kó gbogbo wọn pọ̀. Nínú ìwé tí a bá kọ fún ọlọ́tísìmù, mo dábàá pé kí àníyàn jẹ́ orúkọ ohun tó ń ṣe é láti ọjọ́ mélòó kan ṣáájú ìpàdé àkọ́kọ́, kí ìpáyà jẹ́ orúkọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí àlejò rẹ̀ wọlé, tí ọ̀rọ̀ sì tán lẹ́nu rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ kò jọra. Ètò ni àníyàn ń fẹ́: níbo la ó ti pàdé, aago mélòó, ta ni yóò sanwó, ìgbà wo la ó túká. Ìsinmi ni ìpáyà ń fẹ́: kéèyàn jáde síta díẹ̀, kó mumi, kó mí kanlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ fi pè é: ọdẹ orí. Makanjuola, oníṣègùn ọpọlọ, kọ̀wé lórí rẹ̀ ní 1987. Àìsàn tí àwọn Yorùbá tó ń ṣe máa ń sọ pé nǹkan ń rìn nínú orí àwọn ni, ọ̀pọ̀ ló sì ń rí ọwọ́ ayé nínú rẹ̀. Bí a bá fi orúkọ yìí pe àníyàn ẹni tó fẹ́ lọ bá ọmọge jẹun, a ti sọ ọ́ di ẹni tí wọ́n ń ṣe.

Ìṣòro míì tún wà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, Peter Sifneos, oníṣègùn ọpọlọ ní Boston, ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ kan, "alexithymia", fún àwọn tí nǹkan ń ṣe ṣùgbọ́n tí wọn kò mọ orúkọ tí wọn yóò pè é. Àgbéyẹ̀wò ìwádìí kan tó jáde ní 2019 rí i pé nǹkan bí ìdajì àwọn ọlọ́tísìmù ló wà nínú irú ipò yìí. Yorùbá ti ń sọ ọ́ tipẹ́: "Nǹkan ń ṣe mí, n kò mọ ohun tó ń ṣe mí." Ẹ jẹ́ ká gbé gbólóhùn náà bó ṣe wà, ká fi ṣe orúkọ: àìmọ-ohun-tó-ń-ṣeni.

Èdè wa sì ní ohun tí a lè fi ràn án lọ́wọ́, torí ẹ̀yà ara ni Yorùbá fi ń sọ púpọ̀ nínú ohun tó ń ṣe ọkàn. Bí dókítà bá béèrè pé "Báwo ló ṣe rí lọ́kàn rẹ?", ọlọ́tísìmù lè wò ó láìfèsì. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún un pé kó fàlà sídìí èyí tó bá tirẹ̀ mu, bóyá àyà ń lù mí, ọ̀fun mi gbẹ, inú mi ń ru, àtẹ́lẹwọ́ mi ń làágùn, etí mi ń hó, èjìká mi le gan-an, ó lè fàlà sídìí mẹ́ta, kó sì yà á lẹ́nu. Ẹni tí kì í tètè gbọ́ ìròyìn ara rẹ̀ á nílò ìbéèrè tó tún rọrùn ju èyí lọ: Ṣé mo ti jẹun lónìí? Ṣé mo ti tọ̀? Ṣé mò ń rìn síwá sẹ́yìn? A tún gbọ́dọ̀ fi ìkìlọ̀ kan kún un: àyà máa ń lù nínú ìpáyà, ó sì máa ń lù nínú ìfẹ́. Ìbéèrè tó máa ya méjèèjì sọ́tọ̀ ni pé, "Ṣé mo fẹ́ kó tètè dé, àbí mo fẹ́ kó kọ̀wé pé òun kò wá mọ́?" Ìdáhùn lè jẹ́ méjèèjì. Ìyẹn náà kò burú, bó bá ti lè sọ ọ́ jáde.

Àjọ NICE tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ìlànà kan jáde ní 2012 fún ìtọ́jú àgbàlagbà ọlọ́tísìmù. Wọ́n ní kí ẹni tó bá ń fi ọ̀rọ̀ sísọ tọ́jú wọn máa lo ọ̀rọ̀ tó ṣe kedere, kó máa kọ nǹkan sílẹ̀, kó la òfin àwùjọ yé wọn, kó dín àfiwé kù, kó sì máa jẹ́ kí wọ́n sinmi láàárín ìjíròrò. Ìmọ̀ràn yìí le fún òǹkọ̀wé Yorùbá, ẹni tó jẹ́ pé òwe ni wọ́n fi ń yìn ín. Kì í ṣe pé ọlọ́tísìmù kò gbọ́ òwe o. Ẹni tó dàgbà ní Ọ̀yọ́ ti gbọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ òwe, ó sì mọ ìtumọ̀ wọn, torí gbogbo ìlú ló ti fohùn ṣọ̀kan lórí ìtumọ̀ náà. Ohun tó ń da ọlọ́tísìmù láàmú ni àbọ̀ ọ̀rọ̀ tí ìtumọ̀ rẹ̀ ń yí padà láti ẹnu ẹnìkan sí ẹnu ẹlòmíràn. Àwa sì ló ń sọ pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀ a di odidi. A ti fi òwe yìí sọ gbígbọ́ àbọ̀ di ìwà rere, a sì ti sọ ẹni tó ń béèrè odidi di òpè. Ìwé tí a bá kọ fún ọlọ́tísìmù gbọ́dọ̀ fún un ní odidi.

Ká mọra wa ná

Kí ni ká pe àkókò tí ẹni méjì ti jọ jáde lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, tí wọn kò tíì jẹ́ nǹkan kan síra wọn? Ìfẹ́sọ́nà ti jìnnà jù, torí ẹni tó ní àfẹ́sọ́nà ti ń ronú ìgbéyàwó. "Ọ̀rẹ́" kò sọ ohunkóhun. Ohun tí àwọn ọ̀dọ́ fúnra wọn ń sọ ni pé "a ṣì ń mọra wa ni". Mo gbà pé kò sí èyí tó dára jù ú lọ: ìgbà ká-mọra-wa-ná. Ó sọ pé kò tíì sí ìlérí kankan, "ná" tó sì gbẹ̀yìn rẹ̀ sọ pé ìgbà náà lópin.

Láyé àtijọ́, ìpele ìfẹ́ kì í wà láìlórúkọ. Ìfojúsóde ni kí wọ́n máa ṣọ́ ọmọbìnrin láti òkèèrè. Ìwádìí ni bíbéèrè ìdílé rẹ̀. Alárinà ló ń gbé ọ̀rọ̀ lọ, tó ń gbé e bọ̀. Ìṣíhùn ni ọjọ́ tí ọmọbìnrin la ẹnu, tó ní òun gbà. Ìtọrọ àti ìdána tẹ̀ lé e. Ẹni tó wà ní ìwádìí mọ̀ dájú pé òun kò tíì dé ìṣíhùn, kò sí pé ó ń méfò. Àrokò tilẹ̀ wà fún ẹni tí kò lè fẹnu sọ ọ́. Bí wọ́n bá di owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ síni, ẹ̀fà ń wí pé ọkàn ẹni tó fi ránṣẹ́ fà sí ẹni tó gbà á. Bí èyí bá fi mẹ́jọ dáhùn, ẹ̀jọ ń wí pé ọ̀rọ̀ àwọn jọ. Ẹni tó bá lè kà á ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé.

Ohun tí ọlọ́tísìmù ń wá lónìí kò ju èyí lọ: kí ìpele lórúkọ, kí àmì ní ìtumọ̀ tí tọkùnrin tobìnrin ti jọ fọwọ́ sí. Olólùfẹ́ méjì lè ṣe àrokò tiwọn lórí fóònù. Wọ́n lè jọ fẹnu kò pé bí ọ̀kan bá fi àwòrán òṣùpá ránṣẹ́, ohun tó ń sọ ni pé, "Mo ti rí ọ̀rọ̀ rẹ, ó ti rẹ̀ mí, màá fèsì lọ́la." Ìdákẹ́ ò ní jẹ́ àdììtú mọ́. A sì lè fa ìtumọ̀ alárinà gùn kó dé ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ tòótọ́ tí ọlọ́tísìmù lè fi ọ̀rọ̀ orí fóònù hàn, tí yóò bá a wò ó bóyá "màá rí i ná" sún mọ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹrù àtijọ́ la ó gbé. Wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin fọ́kọ láìbi wọ́n léèrè. Wọ́n kọ́ obìnrin pé kó má tètè gbà, kí wọ́n má baà rò pé ojú ń kán an. Wọ́n kọ́ ọkùnrin pé kó má yéé béèrè. Ẹni tó máa ń di òfin mú bó ṣe gbọ́ ọ, bí wọ́n bá fi èyí kọ́ ọ, á kó ara rẹ̀ àti obìnrin náà sí wàhálà. Nítorí náà, òfin tí ìwé tuntun gbọ́dọ̀ kọ gàdàgbà nìyí: rárá, rárá ni; "màá rò ó wò" kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni; ìdákẹ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni. Béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i, dárúkọ ọjọ́, kí o sì ṣílẹ̀kùn fún un láti kọ̀: "Mo fẹ́ ká tún ríra ní Sátidé. Bí o kò bá fẹ́, sọ fún mi tààrà, n kò ní bínú." Bí kò bá sí bẹ́ẹ̀ ni lẹ́yìn èyí, ó parí. Ó yẹ kí obìnrin ọlọ́tísìmù náà ní gbólóhùn tirẹ̀ lọ́wọ́, torí wọ́n ti kọ́ ọ láti kékeré pé kó máa rẹ́rìn-ín dípò kó kọ̀: "Mo gbádùn ìjókòó wa, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ ká tẹ̀ síwájú."

Nínú ilé oúnjẹ

Ẹ wo ilé oúnjẹ kan l'Ékòó lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìn ògiri, orin ń ké látinú gbohùngbohùn, iná àjà ń tàn yanran, òórùn ata díndín gba gbogbo yàrá. Ẹlòmíràn ò ní kọbi ara sí wọn. Ní ti ọlọ́tísìmù, gbogbo wọn lè jọ máa wọlé sí i lára lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú agbára kan náà, tí ohùn ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀ á sì sọnù sáàárín wọn. Àwọn onímọ̀ ní orúkọ gígùn fún èyí. Yorùbá ní "ara mi ò gbà á", èyí tí a máa ń sọ nípa oògùn tàbí oúnjẹ. Ẹ jẹ́ ká fà á gùn dé orí ariwo àti ìmọ́lẹ̀. Gbólóhùn rẹ̀ nìyí: "Ariwo yìí ń ni mí lára, ṣé a lè bọ́ síta?" Èyí tó tún sàn jù ni kí wọ́n ti sọ ọ́ ṣáájú: "Ibi tó dákẹ́ rọ́rọ́ ni mo fẹ́ràn."

Bí ara kò bá gbà á, ọwọ́ lè máa yí ìdè aago, ẹsẹ̀ lè máa jì, ẹnu lè máa kùn. Ìṣe ìtura ni ká pe èyí. Kì í ṣe ìwà àìmọ̀wàáhù, bí ọ̀pọ̀ wa sì ṣe ń ṣe nìyẹn bí a bá ń dúró de èsì ìdánwò.

Ọ̀rọ̀ "masking" ló fún mi níṣẹ́ jù. Laura Hull àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá àwọn àgbàlagbà ọlọ́tísìmù sọ̀rọ̀, wọ́n sì tẹ ìwádìí wọn jáde ní 2017. Wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ ló ń fi ìwà ara wọn pamọ́, tí wọ́n ń wo bí àwọn tó kù ṣe ń rẹ́rìn-ín, tí wọ́n ń fipá wo ojú èèyàn, kí wọ́n lè ráyè láwùjọ. Ó máa ń rẹ̀ wọ́n tẹnutẹnu. Bí a bá pe èyí ní ìdíbọ́n, a ti pè wọ́n ní elétekéte. Bí a bá yá ẹ̀kú lọ́wọ́ egúngún, a ti wọnú ọ̀rọ̀ awo, ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀kú kì í sì í ṣe ohun tí a ń bi léèrè. Mo fara mọ́ ìṣebíẹgbẹ́. Kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ó sì yọrí sí gbólóhùn tí èèyàn lè sọ fún olólùfẹ́ rẹ̀ bí wọ́n bá ti ń mọra: "Mo ti ṣe bí ẹgbẹ́ láti àárọ̀, ó ti rẹ̀ mí. Jẹ́ n kàn jókòó tì ọ́."

Ohun kan wà tí ìwé Gẹ̀ẹ́sì kò lè kọ́ wa: ẹ àti o. Ká ní obìnrin ẹni ọdún 28 ń bá ọkùnrin ẹni ọdún 35 jáde. "Ẹ" ló fi bẹ̀rẹ̀. Ìgbà wo ni yóò di "o"? Ẹlòmíràn á kàn gbọ́ ọ lẹ́nu ara rẹ̀ lọ́jọ́ kan pé ó ti yí padà. Ọlọ́tísìmù lè máa ṣa gbólóhùn tí ẹ àti o kò sí nínú rẹ̀ rárá: "Ṣé iṣẹ́ ń lọ dáadáa?", "Ṣé ilé wà?", "Ṣé oúnjẹ náà dùn?" Iṣẹ́ ńlá nìyẹn fún ẹni tí àníyàn ti fẹ́ gbé tán. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló máa sọ ẹrù náà: "Ṣé kí n máa fi 'ẹ' bá yín sọ̀rọ̀ ni, àbí 'o'?" Kò sí ìwọ̀sí nínú rẹ̀. Ọkùnrin náà á ní "Yé fi 'ẹ' bá mi sọ̀rọ̀," ọ̀rọ̀ á parí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ojú. Àwọn ìwé ilẹ̀ òkèèrè ka àìwo ojú ẹni mọ́ àmì ọ́tísìmù, ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá tó tẹjú mọ́ àgbà ni wọ́n ń bá wí. Ọmọ tó ń wo ilẹ̀ ti gba ìyìn títí ó fi dàgbà. Ó wá jókòó síwájú olólùfẹ́, òfin yí padà lójijì, wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Gbólóhùn tirẹ̀ ni pé: "Ọlọ́tísìmù ni mí. Bí n kò bá wojú rẹ, mò ń gbọ́ ọ. Mo máa ń gbọ́ dáadáa jù bí mi ò bá wojú." Kì í ṣe dandan kó sọ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Òun ló ni àṣírí ara rẹ̀, ìgbà tí ọkàn rẹ̀ bá balẹ̀ sí ẹni náà ni kó sọ ọ́.

Fífi irú gbólóhùn báwọ̀nyí dánra wò wúlò. Ní Yunifásítì California ní Los Angeles, Elizabeth Laugeson ló wà nídìí ètò PEERS, tó ń fi ìgbésẹ̀ tó ṣe kedere kọ́ àwọn ọ̀dọ́ àgbà ọlọ́tísìmù bí wọn yóò ṣe bá ẹni tó wù wọ́n sọ̀rọ̀, tí wọ́n sì ń fi í ṣe ìdánrawò. Ìdánrawò ti wà ní Yorùbá tẹ́lẹ̀, a ò nílò ọ̀rọ̀ tuntun. Kéèyàn sọ gbólóhùn náà sókè nínú yàrá rẹ̀ kó tó jáde, kí ahọ́n ti mọ ọ̀nà.

Tọ̀tún-tòsì

Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ bọ̀ lè mú kó dà bíi pé ọlọ́tísìmù nìkan ni iṣẹ́ wà lọ́rùn rẹ̀. Damian Milton, onímọ̀ nípa àwùjọ ní Bìrìtéènì, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ọlọ́tísìmù, takò èyí ní 2012. Ó ní bí ọlọ́tísìmù kò ṣe mọ inú àwọn tó kù, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó kù kò mọ inú ọlọ́tísìmù. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àìgbọ́ra-ẹni-yé tọ̀tún-tòsì ni mo pè é. Bí obìnrin tó kọ "màá rí i ná" bá mọ̀ pé ọkàn ẹnìkan kò balẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ yẹn, kò ní ná an ní nǹkan kan láti kọ "Bẹ́ẹ̀ ni, aago mẹ́rin" tàbí "Rárá, ẹ ṣé."

Ẹ̀yin olóòtú ìwé ìròyìn, ẹ̀yin oníṣẹ́ rédíò, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti dókítà, ẹ má pe ọ́tísìmù ní àrùn mọ́, ẹ má sì gbé ọ̀rọ̀ tuntun jáde lórí rẹ̀ kí ẹ tó bi àwọn ọlọ́tísìmù fúnra wọn léèrè. Àwọn ni yóò fi ọ̀rọ̀ náà wá ìfẹ́, àwọn ló sì mọ èyí tó lè jáde lẹ́nu. Ní ti ìwọ tó ń ka èyí, bí ẹnìkan bá bi ọ́ lọ́jọ́ kan pé "Kí lo ní lọ́kàn gan-an?", má rò pé kò gbọ́n. Dá a lóhùn ní odidi.